Tàǹsífọ́mà, rẹ̀sísítọ̀ tàbí búsítà: èwo ló yẹ ká fi so áńtẹ́nà rédíò mọ́ kébù?

Ẹni tó bá ra rédíò SDR kékeré, irú èyí tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tàbí rédíò shortwave gidi tó ní ihò áńtẹ́nà lẹ́yìn, kì í pẹ́ kó tó bá ìbéèrè yìí pàdé: wáyà ti wà lókè lẹ́yìnkùlé, kébù ti wọlé dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí ni ká wá fi sáàárín àwọn méjèèjì? Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. A lè so wọ́n pọ̀ tààrà láìfi ohunkóhun sí i. A lè fi tàǹsífọ́mà kékeré kan sí i. A lè fi rẹ̀sísítọ̀ méjì ṣe é. A sì lè gbé búsítà sí ẹsẹ̀ áńtẹ́nà. Màá fi wọ́n wé ara wọn, màá sì sọ èyí tí èmi máa mú níbi kọ̀ọ̀kan, torí ohun tó dára ní 7 MHz lè má wúlò rárá ní 500 MHz.

Mo fẹ́ kí ohun kan yé wa ná. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń fi rédíò ránṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Àwọn yẹn gbọ́dọ̀ lé ìbámu tó péye (kí ohm áńtẹ́nà, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà ìgbì, dọ́gba pẹ̀lú ti kébù), torí agbára tó bá ta padà láti ara áńtẹ́nà lè ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. Àwa tí à ń gbọ́ nìkan kò ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ariwo ni ọ̀tá tiwa. Bí ariwo tó ń bọ̀ láti ìta bá ti ju ariwo inú rédíò fúnra rẹ̀ lọ dáadáa, tí ìsopọ̀ wa bá gbé ìdajì ohùn ilé-iṣẹ́ rédíò sọnù, ìdajì ariwo náà ló bá a lọ. Bí a ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ náà la ó ṣe máa gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé nísàlẹ̀ 30 MHz, orí ohun tó ń lé ariwo ló yẹ kí owó wa lọ. Lókè ibẹ̀, orí kébù tó dára àti búsítà tó wà níbi tó yẹ.

Ohm kébù, ohm áńtẹ́nà

Kébù coaxial ní iye ohm tirẹ̀ tí kì í yí padà: 50 ni ti RG-58 àti RG-213, 75 ni ti RG-6, wáyà díìṣì tí àwọn tó ń so sátẹ́láìtì ń fà káàkiri òrùlé wa. Ẹ má fi mítà wọ̀n ọ́n, kò ní hàn níbẹ̀. Bí wáyà àárín ṣe tóbi sí, bí àwọ̀n ìta ṣe jìnnà sí i tó, àti irú rọ́bà tó wà láàárín wọn ló ń pinnu iye náà.

Áńtẹ́nà ní tirẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ ká mú wáyà 20 mítà kan tí a ta láti ògiri ilé lọ sára igi àgbọn. Ní nǹkan bí 3.6 MHz, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì, orí rẹ̀ tó kan kébù á sì jẹ́ bí 36 ohm tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dára. Ẹ wá yí rédíò lọ sí 7.2 MHz, níbi tí ìgbì 41 mítà ti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà kan náà ti di ìdajì ìgbì, orí kan náà yẹn á sì fò lọ sí 2000 ohm tàbí 5000. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé 15 MHz, á ti lọ á ti bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tàǹsífọ́mà dà bí àrọ tí a fi ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, ṣùgbọ́n ẹnu kẹ́ẹ̀gì tiwa yìí ń fẹ̀ ó sì ń sún kì bí a ṣe ń yí bọ́tìnnì. Kò sí àrọ kan tó máa bá a mu níbi gbogbo. Ẹni tó bá ń polówó ohun tó "bá gbogbo ìgbì mu láti 0 dé 30 MHz", ẹ bi í bóyá ó ń pàdánù nǹkan níbì kan. Ó dájú pé ó ń pàdánù.

Ìsopọ̀ tààrà àti tàǹsífọ́mà 9:1

Èyí tí wọ́n ń tà jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún wáyà gígùn ni tàǹsífọ́mà 9:1. Ó ń sọ 450 ohm di 50. Kí a lè rí ohun tó ń ṣe gan-an, mo ṣírò àdánù fún kébù 50 ohm níbi méjì tí wáyà 20 mítà wa yàtọ̀ síra jù. Ẹ rántí pé 3 dB túmọ̀ sí pé ìdajì agbára ti lọ, 10 dB sì túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù.

| Ìsopọ̀ | Níbi tí wáyà jẹ́ 36 ohm | Níbi tí wáyà jẹ́ 3000 ohm |
|---|---|---|
| Tààrà | 0.1 dB | bíi 12 dB |
| Tàǹsífọ́mà 9:1 | 5.6 dB | 3.4 dB |

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Tàǹsífọ́mà náà kò bá ibì kankan mu nínú méjèèjì. Ní 36 ohm, ó tilẹ̀ ba ohun tó dára tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ó pín àdánù náà sí ọgbọọgba. Ìsopọ̀ tààrà máa gbé ìgbì kan sókè gan-an, á sì rì èkejì mọ́lẹ̀. 9:1 máa mú gbogbo wọn wá sí ìwọ̀n tí kò jìnnà síra. Fún ẹni tó ń yí rédíò káàkiri tí kò mọ ibi tí ohùn kàn ti máa jáde, èmi gbà pé ìkejì sàn jù. Fún ẹni tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ lálaalẹ́, ó sàn kó gé wáyà rẹ̀ sí ìwọ̀n ìdá mẹ́rin ìgbì ibẹ̀, kó rọ irin eétì mọ́ ilẹ̀, kó sì so ó tààrà.

Àwọn áńtẹ́nà kan wà tí 9:1 bá mu lóòótọ́. Áńtẹ́nà tí Harold Beverage, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní nǹkan bí 1920 ni àkọ́kọ́ nínú wọn: wáyà gígùn gbọọrọ tí kò ga púpọ̀ kúrò nílẹ̀, tí rẹ̀sísítọ̀ tó wà ní ìparí rẹ̀ ń jẹ́ kí ohm rẹ̀ dúró láàárín 400 sí 600 káàkiri ìgbì. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè ju 100 mítà lọ, kò sì sí àyè rẹ̀ ní Mushin. Ẹni tó bá ní oko lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ló lè dán an wò. T2FD, áńtẹ́nà mìíràn tí wọ́n ṣẹ́ wáyà rẹ̀ po, kéré jù ú lọ. Òun náà ní rẹ̀sísítọ̀ láàárín, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi tàǹsífọ́mà 4:1 so ó mọ́ kébù 75 ohm nígbà tí rẹ̀sísítọ̀ náà bá jẹ́ nǹkan bí 390 ohm. Ẹ fi iye rẹ̀sísítọ̀ inú rẹ̀ yan tàǹsífọ́mà. Ẹ má fi ohun tó kàn wà lọ́wọ́ yàn án.

Ṣé 5.6 dB yẹn pọ̀ ju ohun tí a lè fara dà lọ? Ẹ dán èyí wò lálẹ́ òní. Ẹ yí rédíò sí ibi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí shortwave, kí ẹ fetí sí híhó rẹ̀, kí ẹ wá yọ kébù áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn. Bí híhó náà bá wálẹ̀ gan-an, àrá àwọn ilẹ̀ olóoru àti àwọn ẹ̀rọ inú àdúgbò ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń gbọ́, ìbámu tó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ kò sì ní fi ilé-iṣẹ́ kankan kún un fún yín. Bí kò bá wálẹ̀, nígbà náà ni àdánù ń dùn yín. Ní gbogbo ibi tí iná mànàmáná bá wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé á wálẹ̀.

Tàǹsífọ́mà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ lè ra 9:1 méjì, kí nọ́ńbà ara wọn dọ́gba, kí ọ̀kan jẹ́ kí ẹ gbọ́ ayé, kí èkejì kó gbogbo ariwo inú ilé wọ inú rédíò.

Nínú irú àkọ́kọ́, wáyà kan náà ni wọ́n yí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n kàn fa kébù jáde láàárín rẹ̀. Àwọ̀n ìta kébù àti eétì áńtẹ́nà wá di ohun kan ṣoṣo. Àwọ̀n yẹn, ẹ má gbàgbé, gba ẹ̀gbẹ́ ínfátà kọjá, ó gba abẹ́ ṣájà fóònù, ó gba ara ògiri tí wáyà sólà wà. Gbogbo ariwo tó bá lẹ̀ mọ́ ìta rẹ̀ máa gòkè lọ sí ẹsẹ̀ áńtẹ́nà, á sì gba ibẹ̀ padà wá sínú kébù bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ló ti ń bọ̀. Nínú irú kejì, ìyí wáyà ti áńtẹ́nà àti ìyí wáyà ti kébù kò kan ara wọn rárá. Oofa inú ferrite, ohun dúdú líle tí wọ́n yí wáyà mọ́, nìkan ló so wọ́n pọ̀. Áńtẹ́nà ní irin eétì tirẹ̀ níta, àwọ̀n kébù kò sì ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Nínú ilé tó ní sólà àti ínfátà, irú kejì yìí ni kí ẹ mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo lè sọ pé èyí nìkan tó ìdí láti má ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ bí wọ́n ṣe yí inú rẹ̀.

Ṣíṣe é kò le. Ẹ wá ferrite oníhò méjì tí wọ́n ń pè ní BN-73-202, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ẹ mú wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọ̀dà lára. Kí ẹ kì í bọ ihò kan, kí ẹ dá a padà láti inú ihò kejì: ìyí kan nìyẹn. Bí kébù yín bá jẹ́ 50 ohm, ìyí méjì ni ti kébù, mẹ́fà ni ti áńtẹ́nà. Bí ó bá jẹ́ wáyà díìṣì 75 ohm, méjì sí márùn-ún ni, ìyẹn á sì fún yín ní nǹkan bí 470 ohm. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìyí ti kébù jáde ní apá kan, kí ti áńtẹ́nà jáde ní apá kejì, kí wọ́n má ṣe rìn pọ̀, torí bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ariwo tí a ń lé á rí ibi fò kọjá. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà orí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí bàbà á fi tàn kí ẹ tó fi léèdì jó o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: léèdì bo orí ọ̀dà, ó dán, ṣùgbọ́n kò kan bàbà.

Ẹni tó bá ní NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn áńtẹ́nà àti kébù, lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e jáde. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 470 ohm sí ojú áńtẹ́nà, kí ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ ojú kébù, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ láti 1 MHz lọ sókè. Èyí tí a ṣe fún 50 ohm yẹ kó fi SWR (ìwọ̀n ìbámu; 1 ni ó bá mu pátápátá) tó sún mọ́ 1 hàn. Èyí tí a ṣe fún 75 ohm máa fi 1.5 hàn, ohun tó sì yẹ kó fi hàn gan-an nìyẹn, nítorí pé 50 ohm ni NanoVNA fúnra rẹ̀. Ẹ má tú u ká nítorí ìyẹn. Bí nọ́ńbà náà bá ga gan-an nítòsí 1 MHz, ìyí kò tó. Bí ó bá ń gòkè kíákíá lókè 15 MHz, wáyà gùn jù tàbí ó ti fẹ̀ kúrò lára ferrite.

Ohun kan kù tó ń bá tàǹsífọ́mà yìí rìn: ferrite ńlá tí a yí kébù mọ́ níbi tó ti ń wọ ilé. Ferrite tí wọ́n ń pè ní irú 31 ló dára jù fún shortwave. Kébù RG-58 tó gba inú òrùka FT240-31 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dí ọ̀nà mọ́ ariwo tó ń gun ìta àwọ̀n náà bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ilé yín ni ariwo náà ti ń wá, ẹ dúró de ìgbà tí NEPA bá mú iná ní gbogbo àdúgbò, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ pa ínfátà tiyín, kí ẹ lo rédíò oníbátìrì. Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ bá gbọ́ lórí shortwave láàárín ìṣẹ́jú yẹn ni ohun tí áńtẹ́nà yín lè gbà gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tan nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan: gílóòbù LED, ṣájà, ẹ̀rọ tó ń darí sólà. Èyí tó bá dá ariwo padà, ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí.

Rẹ̀sísítọ̀

Ọ̀nà yìí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Rẹ̀sísítọ̀ nìkan ló lè bá gbogbo ìgbì mu lóòótọ́, láti orí bátìrì títí dé gígáhátìsì, bí a bá lo èyí tó kéré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn. Láti 75 lọ sí 50 ohm, 43.3 ohm ni a ó tò sójú ọ̀nà, 86.6 ohm la ó fi dábùú rẹ̀ ní apá 50. Àdánù rẹ̀ jẹ́ 5.7 dB. Ṣùgbọ́n láti 450 lọ sí 50, àdánù tó kéré jù tí rẹ̀sísítọ̀ lè fún wa jẹ́ 15.3 dB, kò sì sí bí a ṣe lè dín in kù.

Èmi máa lò ó níbi méjì. Àkọ́kọ́ ni tábìlì ìdánwò, nígbà tí nọ́ńbà gbọ́dọ̀ péye. Ìkejì ni ilé tó wà nítòsí òpó FM tàbí òpó AM ńlá, níbi tí rédíò ti ń kún àkúnya tí gbogbo ìgbì sì ń gba ohùn ilé-iṣẹ́ kan náà jáde. Níbẹ̀, àdánù 6 dB tàbí 10 dB jẹ́ àǹfààní. Lókè 30 MHz fún ohùn tó rẹlẹ̀, kí ẹ má dán an wò.

Lókè 30 MHz: ẹ wo kébù kí ẹ tó wo ìbámu

Ní FM, ní ìgbì ọkọ̀ òfuurufú tó wà láàárín 118 sí 137 MHz, àti lókè wọn lọ sí tẹlifíṣọ̀n UHF àti 1090 MHz tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń kéde ibi tó wà, ariwo ojú ọ̀run ti dín kù. Bí ẹ ṣe ń gòkè sí i ni ohun tí kébù bá jẹ ń di ohun tí a ò lè rí gbà padà. Ẹ wo ohun tí kébù 30 mítà ń jẹ, ní dB:

| Kébù | 10 MHz | 100 MHz | 1000 MHz |
|---|---|---|---|
| RG-174 (50 ohm) | bíi 3.3 | bíi 8.5 | bíi 34 |
| RG-58 (50 ohm) | bíi 1.4 | bíi 5 | bíi 20 |
| RG-213 (50 ohm) | bíi 0.6 | bíi 2 | bíi 8 |
| RG-6 (75 ohm) | bíi 0.7 | bíi 2 | bíi 6.5 |

RG-174 ni kébù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ áńtẹ́nà kékeré. Mítà kan tàbí méjì rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi fa ilé.

Àwọn kan máa ń kọ RG-6 sílẹ̀ nítorí pé rédíò wọn kọ 50 ohm sára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi kébù 75 ohm sáàárín áńtẹ́nà 50 àti rédíò 50, ibi tó burú jù tó lè dé nínú gbogbo ìgbì ni àdánù 0.7 dB, níbi tí gígùn kébù bá ti jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì. Níbi tó bá ti jẹ́ ìdajì ìgbì, kò sí àdánù ìbámu rárá. Ní 100 MHz, ẹni tó fi 0.7 dB yẹn sílẹ̀ ti rí bíi 3 dB gbà lára RG-58. Ní 1000 MHz, ó rí ju 13 dB lọ. RG-6 wà ní gbogbo ìlú tí díìṣì wà, ó dín owó sí RG-213, ó sì fúyẹ́ lórí òrùlé. Ká fi RG-58 sílẹ̀ ká mú wáyà díìṣì, fún ẹni tó ń gbọ́ nìkan, n kò rò pé ó yẹ kó di àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n RG-6 kan kì í ṣe ẹgbẹ́ èkejì. Ẹ mú oofa kékeré lọ sọ́jà, kí ẹ bọ́ orí kébù, kí ẹ fi oofa kan wáyà àárín. Bí ó bá fà á, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ní FM àti UHF, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, torí ojú bàbà nìkan ni ìgbì ń gbà. Ní ìgbì AM lọ sísàlẹ̀, ìgbì máa ń wọ inú irin náà, àdánù á sì pọ̀ ju bí ìwé ṣe sọ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba inú kébù náà fi iná ránṣẹ́ sí búsítà lókè, irin máa jẹ nínú fóltì yín kó tó débẹ̀. Ẹ tún wo àwọ̀n rẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé okùn díẹ̀ ló wà lórí bébà álúmíníọ̀mù, tí ẹ ń rí bébà náà gbalaja, kò lè ti ariwo ìta mọ́ta dáadáa. Àwọ̀n álúmíníọ̀mù kì í gba léèdì; kọnẹ́kítọ̀ F tí wọ́n ń fi páńpẹ́ tẹ̀ ló yẹ ẹ́, èyí tí à ń yí lọ́wọ́ lásán máa ń tú lẹ́yìn òjò díẹ̀.

Ní ti áńtẹ́nà, discone ló gba ìbámu kúrò lọ́rùn wa jù. Armig Kandoian, ẹnjiníà, gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent) lórí rẹ̀ ní 1945. Àwo pẹrẹsẹ kan lókè, irin tó fẹ̀ sísàlẹ̀ bí agbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Láti ibi tí ìgbì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ títí dé bí ìlọ́po mẹ́wàá ibẹ̀, kò jìnnà sí 50 ohm, ẹ sì lè so ó tààrà. Irin rẹ̀ yẹ kó gùn tó ìdá mẹ́rin ìgbì ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: fún 100 MHz, bíi 75 sẹ̀ǹtímítà. Ó ń gbọ́ yíká, kò ń yan ẹ̀gbẹ́ kan. Log-periodic, áńtẹ́nà onírin púpọ̀ tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Illinois ní àwọn ọdún 1950, ń gbọ́ síwájú nìkan, ó sì lágbára jù. Bí ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń wá bá wà ní apá kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ mú. Áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n UHF tó ní ojú 300 ohm nílò tàǹsífọ́mà 4:1 kékeré, èyí tó sábà máa ń wà nínú àpótí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Búsítà: òkè ni ibi tó yẹ ẹ́

Harald Friis ti Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, kọ ìṣirò kan jáde ní 1944 tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra búsítà mọ ohun tó ń sọ: ohun àkọ́kọ́ tí ìgbì bá pàdé ló ń pinnu iye ariwo tí a fi kún un. Ká ní kébù yín ń jẹ 5 dB, tí rédíò fúnra rẹ̀ sì ń fi 6 dB ariwo kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11 dB. Ẹ gbé búsítà tó ń mú nǹkan pọ̀ ní 20 dB, tí ariwo tirẹ̀ jẹ́ 1 dB, sí ẹ̀gbẹ́ rédíò nínú yàrá: àpapọ̀ á wálẹ̀ sí bíi 6. Ẹ gbé búsítà kan náà lọ sókè lẹ́sẹ̀ áńtẹ́nà: á wálẹ̀ sí bíi 1.4. Owó kan náà ni. Èyí tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ kàn ń mú ohun tí kébù ti jẹ kù pọ̀ sí i ni, pẹ̀lú ariwo rẹ̀.

Ní Èkó àti Ìbàdàn, FM ló máa ń dà á rú. Òpó FM pọ̀, wọ́n sún mọ́ ilé, búsítà tó gba gbogbo ìgbì máa kún fún wọn tí kò fi ní gbọ́ ohun tó rẹlẹ̀ mọ́. Ẹ fi asẹ́ (filter) tó ń dí 88 sí 108 MHz síwájú búsítà, bí FM kọ́ ni ẹ ń wá. Ẹni tí kébù rẹ̀ kò ju mítà mẹ́wàá lọ, tí ó sì jẹ́ RG-6, lè fi búsítà sílẹ̀ pátápátá ní FM àti ìgbì ọkọ̀ òfuurufú.

Búsítà ti shortwave yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, kì í ṣe pé ó ń mú nǹkan pọ̀ ló ṣe pàtàkì. Ó ń gba ìbámu kúrò nílẹ̀. Mini-Whip, áńtẹ́nà kékeré tó ní búsítà nínú, tí Roelof Bakker (PA0RDT ni orúkọ tó ń jẹ́ lórí rédíò) ṣe ní Netherlands, kò ju pálí kékeré kan lọ tó ń fọwọ́ kan fóltì inú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà tó gbà wọlé ní ohm tó ga gan-an, ọ̀nà tó gbà jáde bá kébù 50 ohm mu, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní gbogbo ìgbì láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé 30 MHz. WebSDR (rédíò tí a ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ti Yunifásítì Twente ní Enschede, ní Netherlands, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kárí ayé ń gbọ́ shortwave níbẹ̀, irú áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀ ló gbé sórí òrùlé. Àlàyé tí àwọn tó ń ra á kì í kà ni pé àwọ̀n kébù àti òpó tó gbé e dúró jẹ́ apá kan áńtẹ́nà náà. Bí ẹ bá gbé e sí ojú fèrèsé tí kébù rẹ̀ lọ tààrà sí kọ̀ǹpútà, ariwo kọ̀ǹpútà ni ẹ ń gbọ́. Ẹ gbé e ga kúrò lára ilé, kí ẹ so àwọ̀n kébù mọ́ irin eétì níta kó tó wọlé, kí ẹ sì fi ferrite 31 sí i.

Fún ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú ilé alágbàálé, tàbí nínú fúláàtì ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, mo fẹ́ràn áńtẹ́nà olóbìírí tó ní búsítà ju Mini-Whip lọ. Mítà kan ní fífẹ̀ tó. Apá oofa ìgbì ló ń gbà, ẹ sì lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ariwo tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan á fi rẹlẹ̀. Whip kò lè ṣe ìyẹn. Ẹni tó ní àgbàlá tó fẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì: wáyà gígùn, tàǹsífọ́mà tí ìyí rẹ̀ kò kan ara wọn, irin eétì tirẹ̀ níta, RG-6 wọlé. Owó rẹ̀ kéré, kò ní iná tó ń jẹ, bátìrì rẹ̀ kì í kú.

Àrá àti omi

Bí òjò bá ti ń ṣú, ẹ yọ kébù kúrò lẹ́yìn rédíò, kí ẹ gbé orí rẹ̀ síta, kì í ṣe sílẹ̀ nínú yàrá. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ bí àrá bá ti ń sán. Tàǹsífọ́mà tí ìyí rẹ̀ kò kan ara wọn kò lè dá mànàmáná dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dá ariwo dúró. Búsítà ló ń kọ́kọ́ kú, nítorí náà ẹ yọ iná rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti omi, ẹ fi táàpù onírọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ we gbogbo kọnẹ́kítọ̀ tó wà níta, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí omi má rí ibi dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí kébù wálẹ̀ kọjá ojú ihò ògiri díẹ̀ kó tó gòkè wọlé. Ihò kékeré kan yẹ kó wà nísàlẹ̀ àpótí tàǹsífọ́mà. Àpótí tí wọ́n dí pátápátá máa ń la òógùn nínú lálẹ́, òógùn náà ló sì ń jẹ léèdì.